Al-Jahiz Ọmọ Basra, Ẹni Tí Ó Fi Ẹ̀fọn Àti Eṣinṣin Kọ́ Wa Lọ́gbọ́n

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ohun gbogbo pẹ̀lú òdiwọ̀n. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-kéwú wa bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Wọ́n máa ń bi wá pé kí ni Ọlọ́hun dá ẹ̀fọn fún. Ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀. Òmíràn á fi ejò kún un, òmíràn á fi àkekèé kún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ti wọ yunifásítì náà ní ìbéèrè tiwọn, èyí tí ó tún le ju ìyẹn lọ: wọ́n ń bèèrè bóyá ọmọ kéwú tí ó lọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò kò ti ṣìnà kúrò nínú ohun tí ó yẹ Mùsùlùmí.

Àwa náà ti kéwú, a sì ti kàwé, a mọ bí ìbéèrè méjèèjì ṣe máa ń wúwo lọ́kàn ọ̀dọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn onímọ̀ kan ní oṣù yìí, ẹni tí ó ti kú láti nǹkan bí 1,150 ọdún sẹ́yìn, tí ó sì ti gbé irú ìbéèrè wọ̀nyí yẹ̀ wò kí a tó bí àwọn baba ńlá wa. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni Al-Jahiz.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Abu Uthman Amr ibn Bahr. Ìlú Basra, ní gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 776, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 160 lẹ́yìn Híjírà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Al-Jahiz, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, orúkọ yìí kan náà ni àwọn ọlọ́lá fi ń wá a kiri.

Ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Abẹ́ ààbò ẹ̀yà Kinana ni wọ́n wà, àwọn òpìtàn sì sọ pé aláwọ̀ dúdú ni bàbá ńlá rẹ̀, tí ó ń da ràkúnmí fún ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ẹ̀yà náà. Al-Jahiz kò tijú èyí. Nígbà tí ó di òǹkọ̀wé, ó kọ ìwé kan tí ó fi gbé iyì àwọn aláwọ̀ dúdú yọ. Ní ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n rí i tí ó ń ta búrẹ́dì àti ẹja ní etí odò ní Basra kí ó tó lè rí owó jẹun.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń tajà náà ni ó ń wá ìmọ̀. Ó ń jókòó ti àwọn àáfà tí wọ́n máa ń péjọ sí mọ́sálásí ńlá Basra láti jíròrò. Ó kọ́ ìmọ̀ èdè lọ́dọ̀ àwọn àgbà bíi Al-Asmai, Abu Ubayda àti Abu Zayd Al-Ansari. Ó tún máa ń lọ sí Mirbad, ọjà tí ó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn Lárúbáwá aginjù ti ń kó ràkúnmí wá tà, kí ó lè gbọ́ ojúlówó èdè lẹ́nu wọn. Àwọn ará aginjù yìí kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ la etí rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ejò, ìkokò, alángbá àti ẹyẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé aginjù kò lè ṣe àìmọ ìwà ẹranko.

Wọ́n sọ pé nígbà tí kò rí owó ra ìwé, ṣe ni ó máa ń háyà ṣọ́ọ̀bù àwọn oníwèé lálẹ́, tí yóò sùn síbẹ̀, tí yóò sì máa kà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n tún gbà á wá pé ní ọjọ́ kan ó ní kí ìyá rẹ̀ fún òun ní oúnjẹ, ni ìyá bá gbé àwo kan wá tí ó kún fún ìwé tí ó ti kọ, ó ní ohun tí ó ń mú wá sílé nìyẹn. Ó jáde lọ sí mọ́sálásí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó lówó lọ́wọ́ rí i, ó bèèrè ohun tí ó ṣe é, ó sì fún un ní 50 dínárì. Al-Jahiz ra ìyẹ̀fun àti àwọn nǹkan mìíràn, ó ní kí àwọn alábàárù rù ú lọ sílé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bèèrè ibi tí ó ti rí i, ó dá a lóhùn pé inú àwọn ìwé tí ó gbé fún òun jẹ ni ó ti wá. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ń kùn sí pé ìwé kò ì tí ì mú nǹkan wálé, ẹ rántí ìtàn yìí, kí ẹ sì máa ṣe pẹ̀lẹ́ sí wọn, nítorí pé ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ inú.

Ó DÉ BAGHDAD

Ní nǹkan bí ọdún 815 sí 816, ìwé tí ó kọ nípa ipò ìmáàmù dé ọwọ́ Kálífà Al-Mamun, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Báyìí ni ọ̀nà Baghdad ṣe là fún un. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìjọba, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó lò níbẹ̀ tí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ òun. Kàlàmù rẹ̀ ni ó fi ń jẹun láti ìgbà náà. Nǹkan bí 200 ìwé, ńlá àti kékeré, ni wọ́n kà mọ́ ọn lọ́wọ́. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ṣẹ́ kù fún wa lónìí ní odindi.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan síbí kí ẹnikẹ́ni má baà bi wá lẹ́yìn ọ̀la. Al-Jahiz wà nínú àwọn Mutazila, ọ̀dọ̀ Al-Nazzam, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ni ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń jiyàn. Àwọn onímọ̀ Súnnà kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn Mutazila gbàgbọ́, Ibn Qutayba sì bá Al-Jahiz fúnra rẹ̀ wí nínú ìwé. A kò gbé e kalẹ̀ fún yín gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ àdìsọ́kàn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bí ó ṣe la ojú sílẹ̀ wo ẹ̀dá Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá ń ṣa kókó lábẹ́ igi koko kì í tìtorí ewé gbígbẹ fi kókó sílẹ̀.

ÌWÉ ẸRANKO

Ìwé tí ó sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gbàgbé ni Kitab al-Hayawan, ìyẹn Ìwé Ẹranko. Apá méje ni. Ó fi ta mínísítà Ibn al-Zayyat lọ́rẹ, wọ́n sì sọ pé 5,000 dínárì ni ìyẹn fi san án lóore. Inú àìlera ni ó ti kọ lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé náà pé àìsàn ń dà á láàmú, pé olùrànlọ́wọ́ kò tó, pé iṣẹ́ náà sì gùn.

Ìwé náà kò dà bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ó kún fún ewì, hàdíísì, àwàdà àti àríyànjiyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin méjì ń jiyàn títí lórí èwo ni ó sàn jù nínú ajá àti àkùkọ. Al-Jahiz ti ka ohun tí Aristotle ará Gíríìkì kọ nípa ẹranko, ṣùgbọ́n kò kàn gbé e mì. Bí nǹkan kan bá rú u lójú, yóò lọ bi àwọn atukọ̀, àwọn ọdẹ, àwọn alápatà àti àwọn tí ń mú ejò. Ó gbà pé iyèméjì tí ó bá wà ní ipò rẹ̀ ni ó ń múni dé ìdánilójú.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ nípa kádí kan ní Basra tí ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìfarabalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kì í mira lórí ìjókòó. Ní ọjọ́ kan eṣinṣin bà lé imú rẹ̀, ó fara dà á. Eṣinṣin kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí ìkángun ojú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, kò lọ. Ó tún ṣẹ́jú léraléra, ó ń padà wá. Nígbà tí ó yá, kádí ńlá kò mọ ìgbà tí ó fi ọwọ́ lé e, tí ó sì tún fi etí aṣọ lé e, lójú gbogbo ènìyàn. Ó wá mọ̀ pé ẹ̀dá tí ó kéré jù lọ ti borí òun.

Ohun tí ó mú ìwé yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni pé Al-Jahiz kò wo ẹranko lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ó ṣàlàyé pé eku ń jáde lọ wá oúnjẹ, ó ń jẹ ohun tí kò lágbára tó o, ó sì ń sá fún ejò àti ẹyẹ tí wọ́n fẹ́ràn láti jẹ ẹ́. Ejò náà ní ẹni tí ó ń sá fún. Kò sí ẹ̀dá tí ó lè wà láìjẹun, ẹni tí ó ń dọdẹ kò sì bọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n dọdẹ òun náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn pàápàá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí.

Láti ibẹ̀ ni ó ti dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ ilé-kéwú wa. Ó ní ohun tí ó mú ayé yìí dúró ni pé a po ire pọ̀ mọ́ ibi, a po èyí tí ń ṣeni léṣe pọ̀ mọ́ èyí tí ń ṣeni láǹfààní. Bí ó bá jẹ́ ibi nìkan ni, ẹ̀dá ì bá ti parun. Bí ó bá sì jẹ́ ire nìkan ni, ìdánwò kò ní sí, ènìyàn kò ní rí ohun tí yóò ronú lé lórí. Níbi tí kò bá sì sí ìrònú, ọgbọ́n kò lè sí níbẹ̀.

YÀRÁ TÍ WỌ́N TI LÉ EṢINṢIN JÁDE

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó wà nínú ìwé náà. Al-Jahiz sọ pé eṣinṣin ní ìwà rere méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kò ṣòro láti lé jáde, nítorí pé bí a bá sọ yàrá di òkùnkùn, yóò lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀. Èkejì ni pé ó ń jẹ ẹ̀fọn ní ara ògiri àti ní kọ́lọ́fín ilé, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè gbé inú ilé.

Ó wá gba ìròyìn wá láti ọ̀dọ̀ Muhammad ibn al-Jahm, ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa sùn lọ́sàn-án. Ọkùnrin yìí máa ń pàṣẹ pé kí àwọn ìránṣẹ́ lé eṣinṣin jáde nínú yàrá, kí wọ́n fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn kí òun tó wọlé. Bí ó bá ti wọlé báyìí, ẹ̀fọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ kan àwọn ìránṣẹ́ gbàgbé. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, inú bí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dùbúlẹ̀, kò rí ẹ̀fọn, ó sì sùn ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n padà sí àṣà wọn, ẹ̀fọn náà sì padà. Nígbà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, ó gbà pé eṣinṣin tí òun ń lé ni ó ń bá òun pa ẹ̀fọn.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ohun tí ìtàn yìí ń sọ ni pé bí o bá yọ ẹ̀dá kan kúrò láàrin àwọn yòókù, kì í ṣe òun nìkan ni yóò lọ. Ẹlòmíràn tí ó ti ń dá dúró yóò pọ̀ sí i, ìwọ tí o rò pé o ti rí ìsinmi ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ́ níyà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ àwọn aṣíwájú wa. Ìmọ̀ òde-òní fi hàn pé eṣinṣin inú ilé kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹ ẹ̀fọn. Ohun olómi ni ó ń fà mu. A sì mọ̀ pé ẹ̀fọn fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn láti sinmi lọ́sàn-án. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, pé aṣọ tí wọ́n fà àti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ni ó pe ẹ̀fọn wọlé. Nǹkan méjì ni ọkùnrin náà yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn eṣinṣin àti ìmọ́lẹ̀, kò sì lè mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́. Bákan náà, Al-Jahiz gbà pé àwọn ẹ̀dá kan lè jáde láti inú ẹrẹ̀ láìní ìyá àti bàbá, èyí kì í ṣe òótọ́. Àwọn kan sì wà lóde-òní tí wọ́n ń sọ pé kò sí ohun tí Darwin mọ̀ tí Al-Jahiz kò ti mọ̀ ṣáájú. Àsọdùn ni. Iyì rẹ̀ tó o láìjẹ́ pé a fi irọ́ kún un.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÒDE-ÒNÍ RÍ

Ní ọdún 1963, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Paine, ṣe ohun tí Muhammad ibn al-Jahm kò ṣe. Ó lọ sí etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀dá omi ti ń gbé lórí àpáta. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí ó rí bí ìràwọ̀, tí ó ń jẹ àwọn yòókù. Paine ń ṣa ẹranko ìràwọ̀ yìí kúrò ní apá kan, ó ń jù ú padà sínú ibú, ṣùgbọ́n ó fi apá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Báyìí ni ó fi lè mọ̀ pé ohun tí òun ṣe ni ó fa ohun tí òun rí.

Ènìyàn á rò pé bí apanijẹ bá lọ, àwọn yòókù yóò gbilẹ̀. Òdì-kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dá oníkarawun kan, tí ẹranko ìràwọ̀ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gba gbogbo àpáta, ó ń ti àwọn yòókù kúrò. Láti orí oríṣi ẹ̀dá 15, ó kù sí 8. Ní apá tí wọn kò fọwọ́ kàn, kò sí ohun tí ó yí padà. Paine tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1966. Ní ọdún 1969, ó fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wé òkúta tí àwọn bíríkìlà ń há sí àárín òkè ẹnu ọ̀nà tí ó ṣe kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀: bí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ yóò wó. Àwọn bàbá wa ti ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ̀kan, kí ó kọ́kọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè ti fi ojú rí èyí. Ní ọdún 1958, ìjọba Ṣáínà pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn gbógun ti eku, eṣinṣin, ẹ̀fọn àti ológoṣẹ́, nítorí pé ológoṣẹ́ ń jẹ ọkà. Wọ́n lù ìlù àti páànù kí àwọn ẹyẹ náà má lè bà sílẹ̀ sinmi, wọ́n tú ìtẹ́ wọn ká. Ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ ń jẹ kòkòrò pẹ̀lú, kòkòrò wá pọ̀ lórí irè oko. Ní ọdún 1960, wọ́n yọ ológoṣẹ́ kúrò nínú àwọn ọ̀tá, wọ́n fi ìdun rọ́pò rẹ̀. Ìyàn ńlá tí ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn nílẹ̀ náà láti ọdún 1959 sí 1961 ní ọ̀pọ̀ ìdí, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ti iṣẹ́ oko sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n pípa ológoṣẹ́ wà lára ohun tí ó dá kún un.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, igún ni ó kàn. Láti àwọn ọdún 1990 ni igún ti ń kú lọ rẹrẹ. Ní ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ rí i pé oògùn ara-ríro kan, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù ni ó ń pa wọ́n bí wọ́n bá jẹ òkú màlúù náà. Ó lé ní 95 nínú 100 oríṣi igún mẹ́ta kan tí ó ṣègbé. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro pọ̀ sí i, ẹ̀rù àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 2006 ni ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ẹ bi àwọn àgbà bí igún ṣe máa ń pọ̀ tó ní ibi ìpẹran nígbà èwe wọn, kí ẹ sì wo ibẹ̀ lónìí. Májèlé àti títa igún fún oògùn ìbílẹ̀ wà nínú ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ju pé kí ẹ̀dá ṣáà ti pọ̀. Ní ọdún 1972, Robert May ará Ọsirélíà fi ìṣirò fi hàn pé bí a bá kàn da ọ̀pọ̀ ẹ̀dá pọ̀, tí a so wọ́n mọ́ ara wọn láìlétò, tí ìdè náà sì le, ṣe ni wọ́n máa ń tètè tú ká. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e rí i pé ohun tí ó ń mú wọn dúró ni bí a ṣe to ìdè náà: ìdè líle díẹ̀, àti ìdè fífúyẹ́ púpọ̀ láàrin wọn. Apanijẹ tí ó ní oríṣi oúnjẹ púpọ̀ kì í pa ọ̀kan run. Bí èyí bá dínkù, yóò yíjú sí òmíràn, èyí tí ó dínkù á sì rí àyè gbèrú. Òdiwọ̀n nìyẹn. Al-Jahiz kò ní ìṣirò yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti fura pé nínú àpòpọ̀ ni àǹfààní wà.

ÌPỌ́NJÚ ÀTI ÒPIN RẸ̀

Ayé ààfin kì í gún régé. Ní ọdún 847, Kálífà Al-Mutawakkil mú Ibn al-Zayyat, wọ́n sì sọ pé inú ààrò onírin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe láti fi dá àwọn ẹlòmíràn lóró ni wọ́n fi í sí títí ó fi kú. Al-Jahiz sá lọ kí wọ́n má baà fi òun ṣe ìkejì. Wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ síwájú Ibn Abi Duad, kádí àgbà tí ó jẹ́ ọ̀tá olóògbé. Ahọ́n àti ọgbọ́n rẹ̀ ni ó fi bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ ta kádí náà lọ́rẹ, ó sì gba 5,000 dínárì mìíràn. Wọ́n tún sọ pé Al-Mutawakkil fẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ òun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ojú rẹ̀, ó fún un ní 10,000 dírámù, ó ní kí ó máa lọ.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó padà sí Basra. Ẹ̀gbà mú apá kan ara rẹ̀, oríkèé ríro sì mú apá kejì. Wọ́n gbà á wá pé ó sọ fún ẹni tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò pé bí wọ́n bá fi ayùn gé apá kan òun, òun kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bá fò kọjá lẹ́bàá apá kejì, yóò dun òun. Ẹni tí ó kọ̀wé nípa eṣinṣin tí ó ṣẹ́gun kádí ni eṣinṣin tún wá ṣẹ́gun yìí. Ó kú ní oṣù Mùháráàmù ọdún 255 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí ìparí ọdún 868 sí ìbẹ̀rẹ̀ 869, nígbà tí ó ti lé ní 90 ọdún. Ìtàn kan sọ pé ìwé tí ó tò jọ ni ó wó lù ú. Bóyá òótọ́ ni tàbí àsọkún, àárín ìwé náà ni ó ti lo ayé rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ọmọ kéwú má tijú àtikẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò. Nínú Al-Kùránì, sùúrà wà tí ó ń jẹ́ orúkọ oyin, èèrà, aláǹtakùn àti erin. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ wọn nínú ìrun tí kò sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé, ó fi nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìdáhùn sí ọmọ tí ó bèèrè nípa ẹ̀fọn kì í ṣe pé kí ó jókòó kí ẹ̀fọn máa jẹ ẹ́. Sharíà fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ láti pa ejò àti àkekèé tí ń ṣeni léṣe. Kí ó ta nẹ́ẹ̀tì, kí ó da omi inú agolo nù, kí ó bo ìkòkò kí tanwíjí má baà rí ibi gbé. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé lámilámi, ẹja kéékèèké àti àdán wà nínú àwọn tí ń bá a jagun náà. Ẹni tí ó bá da májèlé sínú odò nítorí tanwíjí, ó pa ọmọ lámilámi àti ẹja mọ́ ọn. Ẹ̀fọn tètè ń bí ju àwọn tí ń jẹ ẹ́ lọ. Òun ni yóò kọ́kọ́ padà, kò sì ní bá ọ̀tá nílé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a tó lé ẹnikẹ́ni jáde kúrò nínú yàrá, kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀dá inú igbó mu, ó sì bá ẹgbẹ́ àti àwùjọ wa náà mu.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ń ṣeni láǹfààní kẹ́ wa, kí ó ṣàforíjì fún àwọn tí wọ́n ṣáájú wa, kí ó sì jẹ́ kí a lè máa ṣọ́ òdiwọ̀n tí ó fi dá ayé yìí. Àmín.